Ìgò Tí Kò Yẹ Kó Tàn

Ìgò tí kò yẹ kó tàn ni ó tàn. Ó tàn yòò nínú àpótí dúdú náà, ní àwọ̀ búlúù, ó sì mọ́lẹ̀ ju gbogbo àwọn ìgò yòókù lọ.

Obìnrin tó fi ojú mọ́ ihò àpótí náà yọ ojú kúrò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó tún wò ó. Ohun tó rí kò yí padà. Ìgò mẹ́fà ló tò síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Márùn-ún jẹ́ omi tí òun fúnra rẹ̀ po ṣúgà sí, èyí ju ìyẹn lọ díẹ̀, òmíràn ju èyí lọ díẹ̀, wọ́n sì tàn tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ìkẹfà ni kò yẹ kó tàn rárá. Ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ló wà nínú rẹ̀, ara líle kì í sì í da ṣúgà sínú ìtọ̀. Iṣẹ́ ìgò yẹn kò ju kó dúró nínú òkùnkùn lọ, kí àwọn ìgò yòókù lè rí nǹkan tí wọ́n máa fi ara wọn wé.

Ìtọ̀ tirẹ̀ ni.

Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, àfi aṣọ́nà ẹnu géètì tó máa ń pè é ní Màmá Onítọ̀ bó bá ti kọjá tán, nítorí àwọn ìgò pẹlẹbẹ tí ìtọ̀ àwọn ẹlòmíràn wà nínú wọn, tó máa ń gbé wọlé nínú àpò. Ó ti gbọ́ ọ rí. Kò bá aṣọ́nà náà jà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹlòmíràn tó tún fún un ní orúkọ ìnagijẹ kankan.

Ohun tó fi ń wá ṣúgà kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú. Ìyẹ̀fun funfun kan báyìí ni, ènìyàn lè rò pé iyọ̀ ni. Ásíìdì bòróníìkì ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pe irú rẹ̀. Bórónì tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ràn ṣúgà. Bí ṣúgà bá kọjá nítòsí rẹ̀ nínú omi, á nawọ́ dì í mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bórónì yìí, wọ́n so ẹ̀yà kan mọ́ ọn tó lè mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá tan iná tí ojú ènìyàn kì í rí sí i. Ṣùgbọ́n náítrójìn kan jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pípa iná. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bórónì bá ṣófo, náítrójìn á máa pa ìmọ́lẹ̀ náà kó tó jáde. Àfi bí bórónì bá rí ṣúgà dì mú, tó wá fa náítrójìn mọ́ra. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ á ráyè.

Bó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò nìyẹn. Ohun tí kì í sọ fún wọn ni pé bórónì kan ṣoṣo kò mọ ṣúgà yàtọ̀ sí ṣúgà. Ṣúgà inú èso ló tilẹ̀ máa ń sáré dì mú, á wá fi ti inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó di kí ènìyàn fún un ní bórónì méjì, kí wọ́n jìnnà síra níwọ̀n tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á fi bọ́ sáàárín wọn rẹ́gí, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́ kan, tí bàbá rẹ̀ sì fà lọ́wọ́ kejì. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Ọ̀mọ̀wé ti ń wá ìwọ̀n yẹn, tó sì ń tún un ṣe. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, kò gbà. Bí wọ́n bá jìnnà jù, kò gbà. Láàárín ọdún mọ́kànlá náà, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn, àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń pè é kó wá bá àwọn jẹun ti ṣíwọ́ pípè é, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú yàrá kan tó kún fún ìgò.

Ìyá rẹ̀ ló tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Àtọ̀gbẹ ló ń bá ìyá náà fà á, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gún un níka kí wọ́n tó lè mọ bí ṣúgà ara rẹ̀ ṣe tó, títí orí ìka rẹ̀ fi yi bí awọ. Ọmọ ní òun á wá nǹkan tí kò ní í gún ẹnikẹ́ni. Ó sì wá a. Ọjọ́ tí ìyẹ̀fun náà kọ́kọ́ dá ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ ni ìyá rẹ̀ dákú nílé tí kò jí mọ́. Fóònù wà nínú báàgì, báàgì wà lórí ìkọ́, Ọ̀mọ̀wé ń wo ìmọ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, pè é ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé délé, àbúrò náà dúró lẹ́bàá òkú, kò pariwo, ó kàn ní:

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ṣúgà kiri inú ìgò, ẹ ò rí èyí tó pa ìyá yín."

Ẹyin lohùn. Èyí balẹ̀, ó fọ́, ọdún kẹfà sì rèé tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó èèpo rẹ̀. Ìkíni ọdún tuntun lórí fóònù nìkan ló kù láàárín wọn, èyí tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rántí á fi ránṣẹ́, tí èkejì á sì dá padà ní ọ̀rọ̀ kan náà.

Ní ọ̀la ọjọ́ tí à ń wí yìí ni àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, àwọn tó máa sọ bóyá kí iṣẹ́ náà máa tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Bí ìgò tí kò yẹ kó tàn bá tàn lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀mọ̀wé wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe.

Ó kọ́kọ́ rò pé ìgò ni kò mọ́. Ó fọ òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, ó nù ún gbẹ, ó tún dán an wò. Ó tàn. Ó mu omi ife méjì, nítorí yàrá náà gbóná, ó sì jáde lọ tọ̀. Nígbà tó dé, ó rò pé omi tó fi po ìyẹ̀fun ló bàjẹ́. Ó da ti àná nù, ó po òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó gbà á ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó tàn. Ó mu omi sí i. Ó pààrọ̀ gílóòbù inú àpótí. Ó tàn. Ó rò pé bóyá ìtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ó fi ìtọ̀ náà síbẹ̀ láìfi ìyẹ̀fun sí i. Òkùnkùn biribiri. Ó fi ìyẹ̀fun sí i, ìmọ́lẹ̀ dé. Lẹ́nu gbogbo èyí, àwọn ìgò márùn-ún yòókù ò yẹ̀ lórí ìlà wọn. Ó to iye wọn sínú ìwé, ìlà náà gún, ó rẹwà, kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tó ti lo ìtọ̀ tirẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà yẹn, ìgò náà ṣókùnkùn bí inú àpò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá kù lójú rẹ̀: ẹnì kan ti jẹ́ kí ṣúgà kán sí i. Ẹni mìíràn kan ṣoṣo ló sì ń wọ yàrá náà. Ìyá Ìbejì ni, obìnrin ẹni ọdún márùndínlógójì tó ń fọ ìgò, tó ń po omi, tó sì máa ń kọrin jẹ́jẹ́ sínú ara rẹ̀ bó bá ń wọn nǹkan. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ó bí ìbejì, nítorí orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é nìyẹn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin. Ohun tó mọ̀ dájú ni pé Ìyá Ìbejì máa ń mu tíì nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, horo ṣúgà mẹ́ta sínú ife kan.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá nígbà tó pè é.

"Tíì tí o ń mu ló ba iṣẹ́ mi jẹ́," ló wí.

Ìyá Ìbejì bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀mọ̀wé sọ fún un, ohùn rẹ̀ sì ń le bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní ènìyàn á fi ọdún mọ́kànlá kọ́lé, ẹlòmíràn á fi ìka tó dọ̀tí wó o. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tó wà nílé ló gba ọkàn rẹ̀, kó jókòó tì wọ́n. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí tó ti bá obìnrin náà sọ láti oṣù kan lọ, kò sì sí èyí tó dára nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ṣúgà òun ti tán láti ọjọ́ Mọ́ńdè, òun ò sì tíì ra òmíràn. Ó mú ìgò kan tó mọ́ lórí pẹpẹ, ó bọ́ sí ìta, kò pẹ́ tó fi padà dé, ó sì gbé ìgò náà kalẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ fi tèmi sí i," ló wí.

Ọ̀mọ̀wé fi sí i. Ó kán ìyẹ̀fun tó ti yòrò sínú rẹ̀, ó pa àpótí dé, ó tan iná, ó fi ojú mọ́ ihò. Kò rí nǹkan kan. Ó dúró títí òkùnkùn fi mọ́ ojú rẹ̀ lára, kò sì rí nǹkan kan síbẹ̀. Ó gbé ìgò tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi kan náà, ìyẹ̀fun kan náà, ọwọ́ kan náà ló po méjèèjì. Ọ̀kan ṣókùnkùn, èkejì ń tàn.

Ó yí i padà fún Ìyá Ìbejì láti wò. Obìnrin náà wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló pè é. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ìgò yìí ò ṣe àṣìṣe."

Ọ̀mọ̀wé tún fi ojú mọ́ ihò.

"Láti ìgbà wo ni ẹ ti ń fi pínnì de síkẹ́ẹ̀tì yín?"

Ọ̀mọ̀wé wo ìbàdí ara rẹ̀. Pínnì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kò lè rántí ọjọ́ tó fi èkejì kún un.

"Mo ti ń rí i," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mo ń rí i pé ẹ ń rù, mo ń rí omi tí ẹ ń mu. Mo fẹ́ bi yín. Ṣùgbọ́n ẹ kì í jẹ́ kí èèyàn bi yín ní nǹkan."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé mọ òwe náà láti kékeré, ó ti fi bá àwọn ẹlòmíràn wí rí. Ó jókòó sórí àga gíga tó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo rẹ̀ fún ara rẹ̀ bí ẹni ka ìwé ẹlòmíràn: omi mímu, dídìde lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú tó ń ṣe bàìbàì tó ní gíláàsì ló fẹ́ pààrọ̀, àárẹ̀ tó ní ọjọ́ orí ni. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta ni òun ì bá ti mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń sùn ní yàrá kejì, ẹni náà ì bá ti bi í pé ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ilé rẹ̀, bó bá dìde, kò sí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń jí.

Ó bẹ Ìyá Ìbejì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa, nítorí náà ó kàn ní kó má bínú, ó tún un sọ, ó sì wá bi í pé kí làwọn ìbejì náà. Ìyá Ìbejì ní obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ọkùnrin ló ṣàgbà, kì í sì í jẹ́ kí èkejì sinmi. Ó lọ mú báàgì ọ̀gá rẹ̀ lórí ìkọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní òun á to àwọn ìgò tuntun sílẹ̀ de àwọn alábẹ̀wò, òun á sì fi tòun sí ipò aláìlárùn.

Lẹ́nu ọ̀nà ni nǹkan kan sọ Ọ̀mọ̀wé lọ́kàn, tó fi dúró. Ìyẹ̀fun náà ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń sọ òtítọ́, òun ló ń fọ ìgò lé e lórí. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ara òun ò dá ni ìyẹ̀fun náà mú. Ayọ̀ kékeré kan yọ nínú rẹ̀, ó sì tì í lójú pé ó yọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lódìkejì òpópónà. Ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò wọ ibẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tó dá a lóhùn jẹ́ ọkùnrin kan tó ga, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó gún un níka. Ọ̀mọ̀wé ti fi ọdún mọ́kànlá bá abẹ́rẹ́ yẹn jà, kò sì mọ̀ pé bó ṣe máa ń ta ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré náà dún, nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ṣúgà rẹ̀ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún, èyí tó ju ìlọ́po méjì iye tó yẹ lọ. Ó ní kó má bẹ̀rù, pé dókítà á rí i láìpẹ́, àìsàn tó ṣe é bá gbé ni, bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé òun ń bá a gbé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀? Kò sí. Ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Ọ̀mọ̀wé ronú díẹ̀, ó sì sọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Ṣé ẹnì kan ní in nínú ẹbí? Ìyá òun, tó ti kú. Àwọn ọmọ ìyá náà ńkọ́, mélòó ni wọ́n? Méjì, òun àti àbúrò òun ọkùnrin.

"Ṣé àbúrò yín náà ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Ọ̀mọ̀wé mi orí. Kò mọ̀. Kò mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ń rù tàbí ń sanra. Nọ́ọ̀sì ní kó sọ fún un o, pé ohun tó wà lára ìyá kì í sábà mọ sí ara ọmọ kan.

Ìjókòó gígùn kan wà lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ní kó ti dúró de dókítà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan ń fi ìwé ìtọ́jú rẹ̀ fẹ́ ara. Ọ̀mọ̀wé mú fóònù jáde, ó wá orúkọ náà, ó wò ó. Ó rò ó pé òun á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó pa á rẹ́. Ó pè é.

Ó dún pẹ́. Ó ti ń retí kó já nígbà tí ẹnì kan gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn náà wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní kò sí. Lẹ́yìn náà ó ní ó wà. Ó ní òun ò pè láti dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ sọ, bó bá sì gbọ́ ọ tán, kó máa lọ. Ó sọ fún un pé òun ní àìsàn tí màmá ní, pé òní lòun mọ̀, pé kó jọ̀ọ́, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́la, kó má ṣe bí òun ti ṣe. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní kíákíá, bí ẹni tó ń ka nǹkan lórí ìwé.

Ó yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó. Ó rò pé àbúrò òun ti gé e.

"Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fún ara mi lábẹ́rẹ́," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi? Lẹ́yìn ohun tí mo sọ sí yín lójú òkú màmá?"

Ọ̀mọ̀wé di fóònù náà mú ṣinṣin. Ọdún mẹ́fà ló ti fi gbà pé ìbínú ló ń jẹ́ kí àbúrò òun dákẹ́. Ó ti mọ ìbínú náà débi pé ó ti fún un ní àyè nínú ilé, bí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

Àbúrò rẹ̀ bi í pé iye mélòó ni ẹ̀rọ náà sọ. Ó sọ fún un. Àbúrò rẹ̀ ní tòun ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kó má rò pé òun náà ló máa gba ipò kìíní nínú èyí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì dá ẹ̀rín náà dúró. Ó bi í bóyá bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní dókítà á sọ ti dókítà, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí dókítà kì í sọ.

Ọ̀mọ̀wé yí ìwé tí nọ́ọ̀sì fún un dojú dé, ó gbé e lé orúnkún. Ohùn àbúrò rẹ̀ ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀; ohùn náà ti di ti àgbàlagbà, kò sì mọ ìgbà tó di bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ìka ni kó máa gún, kì í ṣe orí rẹ̀, yóò dín ìrora kù. Ó ní kó má wọ bàtà láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ wò, nítorí òkúta kékeré lè gé ẹsẹ̀ kí ara má mọ̀. Ó ní bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tí òógùn tútù sì ń bò ó, ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, kó má dúró ronú, kó jẹ nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀, kó sì máa fi í sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ìgbà kan wà tí òun rá kòrò dé ilé ìdáná.

Ọ̀mọ̀wé ń kọ ọ́. Ó kọ ti ìka, ó kọ ti bàtà, ó kọ ti bẹ́ẹ̀dì. Ní ibi ilé ìdáná ni bírò rẹ̀ ti dúró, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kò sí ẹni tó sọ èyíkéyìí nínú wọn fún àbúrò òun kó tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀.